Ilé Kò Ní Sá Lọ

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi tí ojú ń tì mí láti sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí kòtò ní tèmi. Bí kì í bá ṣe àánú Ọlọ́run, àti ọwọ́ àwọn ènìyàn kan tí n kò mọ orúkọ wọn títí di òní, èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì ì bá ti di ẹni ìtàn. Nítorí náà, ẹ fi ara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ìlú Ìbàdàn ni a bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti lọ́kọ. Ẹni tí ó bá dàgbà sí Ìbàdàn kò ṣàì mọ ohun tí à ń pè ní omíyalé. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí òjò bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀, ìyá wa a bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn Ògùnpa fún wa. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa tí ó gba àárín ìlú kọjá kún àkúnya, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó kó ọjà lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Odò kan náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1960, ó sì tún ṣe é ní ọdún 1978, kí ti ọdún 1980 tó wá borí gbogbo rẹ̀. Gbogbo ìtàn yìí ni mo mọ̀ dáadáa. Ẹ ó wá bi mí pé, kí ni ó dé tí ẹni tí ó mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ wọ inú àgbàrá? Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kan gbogbo wa.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011. Oṣù Ààwẹ̀ ni, ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí a ṣe Ìtúnu. Ara ìyá mi kò yá, mo sì kó àwọn ọmọ lọ kí i ní ọ̀sán. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo ti pinnu pé n kò ní pẹ́, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bọ̀ wá bá wa ṣínu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ nínú fíríìjì, mo ti se ẹran, ó ku kí n débẹ̀ kí n pọ́n mọ́ínmọ́ín náà kí n sì gbé e ka iná.

Bí mo ti ń múra àtilọ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Mo dúró títí kí ó dá, kò dá. Nígbà tí aago mẹ́fà ń lọ lù, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ìyá mi gbé orí sókè lórí ibùsùn, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, sùn síbí. Ilé kò ní sá lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n Bàbá wọn ń bọ̀ wá ṣínu. Kí ni wọn yóò wí bí wọn kò bá bá mi nílé?"

Màmá kò fèsì mọ́. Ó kàn wo àwọn ọmọ. Mo kó wọn jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Òjò tí mo bá lọ́nà kì í ṣe kékeré. Wáípà ọkọ̀ ń gbá omi kúrò lójú gíláàsì, omi kò sì tán níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi afárá kékeré kan tí kò jìnnà sí àdúgbò wa, mo rí i pé omi ti bo ojú ọ̀nà. Odò tí ó wà lábẹ́ afárá yẹn kì í ṣe Ògùnpa. Odò kékeré lásán ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ a máa fò ó kọjá. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi sọ fún mi pé ewu ni. Àwọn ènìyàn dúró sábẹ́ páànù ìyá kan tí ó ń dín àkàrà fún àwọn aláàwẹ̀. Ìyá náà rí mi, ó ju ọwọ́ sókè, ó kígbe pé, "Ìyá ọmọ, ẹ yí padà o! Omi yẹn ti ń ṣe bí ẹní bínú!"

Mo gbọ́ ọ. N kò lè purọ́ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà gan-an ni ọkọ̀ tipa kan tí ó kó yanrìn gba inú omi náà kọjá. Takisí Micra kan tẹ̀ lé e, òun náà kọjá. Mo wí nínú ara mi pé, bí Micra bá lè kọjá, kí ni yóò dí èmi lọ́wọ́? Mo tẹ ẹ̀rọ ọkọ̀ síwájú.

A kò tíì dé àárín nígbà tí ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò jí. Mo tún un yí. Omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Mọ́mì, omi ti wọ bàtà mi." Kí n tó dá a lóhùn, mo rí i pé ìdí ọkọ̀ ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin mi, bí ẹsẹ̀ yín bá wà lórí bíréèkì tí ọkọ̀ sì ń lọ, ìgbà náà ni ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ń wa ọkọ̀ mọ́.

Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó dàbí ẹni pé ènìyàn mẹ́wàá fi ẹ̀yìn tì í láti ìta. Ohun tí ó gbà wá ni pé ọkọ̀ wa ti pẹ́, gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí à ń fi ọwọ́ yí. Mo yí i sílẹ̀, mo sì kígbe. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọkọ̀ lọ fi ara ti òpó ẹ̀gbẹ́ afárá, ó dúró. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta so okùn mọ́ra, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì wọ́ omi dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n gba ọmọbìnrin mi lójú gíláàsì, wọ́n gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì fa èmi náà jáde. A ò tíì gbé ìdí lé bẹ́ǹṣì ìyá alákàrà tán tí òpó afárá fi yẹ̀, tí ọkọ̀ ṣe bìrí, tí ó sì lọ. Ojú wa ni ó ṣe lọ. Iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn nínú omi.

Ìyá alákàrà kò bá mi wí. Ó bọ́ aṣọ tútù lára àwọn ọmọ mi, ó fi ìborùn tirẹ̀ wé àbúrò, ó sì fún ẹ̀gbọ́n ní àkàrà gbígbóná. Nígbà tí aago mẹ́wàá ń lọ lù ni ọkọ mi fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ mọ́ra, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ta ni ó fún wọn lóúnjẹ?" Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n kò wá. Wọ́n rí òjò, wọ́n yí padà, wọ́n sì ṣínu ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn."

Ẹni tí mo torí rẹ̀ sáré wọ inú omi ti yí padà ní tirẹ̀, ó sì ti ṣínu ní ìrọ̀rùn. Ẹ̀wà tí mo lọ ṣì wà nínú fíríìjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbọ́ ohun tí òjò ọjọ́ náà ṣe. Ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ó bá a lọ ní ìlú Ìbàdàn. Afárá já ní ọ̀pọ̀ ibi. Ti Àpẹ̀tẹ̀ wà lára wọn, àwọn ará ibẹ̀ sì há sí òdì-kejì. Ìdààmú ọdún náà wà lára ohun tí ó mú kí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní ọdún 2014, láti fi bá Ìbàdàn kojú ọ̀rọ̀ ẹ̀kún omi. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ṣe afárá ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ó di ọkọ̀ mú ni yóò pinnu bóyá òun yóò wọ inú omi tàbí òun kò ní wọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ohun tí ó ṣe wá gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi. Àwa obìnrin mọ bí omi ti wúwo tó, nítorí pé orí wa ni a fi ń rù ú. Kẹ́ẹ̀gì omi tí ó gba lítà 25 wúwo tó kílógíráàmù 25. Ẹni tí ó bá ti gbé e láti ìdí ẹ̀rọ dé ilé kò nílò olùkọ́. Ẹ wá ro ti àpótí kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì 40 ni yóò kún un, ìwúwo rẹ̀ yóò sì jẹ́ kílógíráàmù 1,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan. Ẹ ro irú àpótí omi bẹ́ẹ̀ tí ó ń sáré bọ̀ láti òkè, tí òmíràn tẹ̀ lé e, tí òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, tí gbogbo wọn sì ń ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín. Bí eré omi bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti nǹkan a di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọkọ̀ náà kò sì dúró gbọn-in bí a ti rò. Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, bí igbá òfìfo tí a gbé lé ojú omi. Bí omi bá ti ń gòkè lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi náà ń gbé e sókè, tí ìwúwo rẹ̀ lórí ilẹ̀ ń dín kù, tí taya kò sì rí ilẹ̀ dì mú. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ṣe ìkìlọ̀ pé omi tí ó ń sáré, tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ìyẹn kò ju òkè ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó láti gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Ẹ mú rúlà tí ọmọ yín ń mú lọ sí ilé-ìwé, kí ẹ fi í lé ilẹ̀ ní òòró. Gíga rẹ̀ nìyẹn. Bí omi bá sì tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó kọjá orúnkún díẹ̀, yóò gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ lọ, títí kan jíìpù. Ní orílẹ̀-èdè náà, ó lé ní ìdajì àwọn tí ó ń kú sínú ẹ̀kún omi tí ó jẹ́ pé inú ọkọ̀ tí a wà wọ inú omi ni wọ́n wà.

Ti ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mẹkáníìkì kan ni ó là mí lójú. Ó ní afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń fà sínú láti fi sun epo, ihò tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì fi ń fà á kò ga púpọ̀ sí ilẹ̀. Bí ihò náà bá fa omi, iṣẹ́ bàjẹ́. A lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ó kéré, ṣùgbọ́n omi kì í gbà kí a fún òun pọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fi ipá tì í, irin inú rẹ̀ ni ó ń wọ́. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ṣe máa yí kọ́kọ́rọ́ bí mo ti yí i. Àkókò tí ẹ fi ń yí i ni ó yẹ kí ẹ fi máa kó ọmọ jáde.

Ẹ má sì ṣe fi ọkọ̀ tí ó wà níwájú ṣe òdiwọ̀n. Tipa tí mo rí ga ju ọkọ̀ mi lọ, ẹrù yanrìn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Micra tí ó tẹ̀ lé e rí i gbà kọjá, ṣùgbọ́n omi tí òun bá kọ́ ni èmi bá. Omi àgbàrá a máa gòkè láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ eku emọ́, ojú kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀: bóyá kòtò wà níbẹ̀, bóyá ọ̀dà ti ṣí kúrò, bóyá afárá fúnra rẹ̀ ti já lọ, ta ni ó lè sọ? Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé omi gbé ọkọ̀ yín, ẹ há èyí sórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba ní Kánádà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí bí ènìyàn ṣe lè jáde nínú ọkọ̀ tí ó ń rì. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ ní. Ẹ má fi í pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹ tú bẹ́líìtì. Ẹ ṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí omi tó dé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí, bí ó bá sì ṣí, omi yóò ya wọlé. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, àgbà kí ó ṣáájú, nítorí pé òun lè di nǹkan mú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin náà jáde. Bí omi bá ń sáré tí ẹ kò sì lè rìn nínú rẹ̀, ẹ gun orí ọkọ̀, kí ẹ pariwo. Bí ọkọ̀ bá wulẹ̀ kú sínú omi tí ó ń gòkè, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá ibi gíga lọ. Owó ni ó ra ọkọ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì ti bọ́, ẹ ranti pé omi náà kì í ṣe omi mímọ́. Ó ti gba inú ṣáláńgá kọjá, ó ti gba orí ààtàn kọjá. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ wẹ àwọn ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu nínú omi kànga tí àgbàrá ti wọ̀, nítorí àrùn onígbáméjì. Ẹ sì yẹra fún ibi tí wáyà iná bá já sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa ọkọ̀ wa. Ọjọ́ kejì ni a rí i nísàlẹ̀ odò. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ohun tí ó kún inú rẹ̀ ni yanrìn, ọ̀rá omi, ìlédìí ọmọdé, àti èèpo iṣu. Ìdọ̀tí ilé ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ohun tí àwa ìyàwó ilé ń dà sínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí a ń wí pé àgbàrá yóò gbé e lọ, ni ó dí ẹnu afárá tí omi fi gba ojú títì. Mo ti dà á rí. Bóyá tèmi wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, mo padà sórí ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni ó gbé mi wọ inú omi? Kì í ṣe àìmọ̀. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù pé kí wọ́n má wí pé ìyàwó yìí kò sí nílé nígbà tí àlejò dé. Ẹ̀rù pé kí ẹbí ọkọ má wí pé ilé ìyá rẹ̀ ni ó jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rù yìí ń wa ọkọ̀ fún. Àwa ni a dì í mú, ṣùgbọ́n òun ni ó ń tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá ọkọ yín sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, ẹ má dúró di ọjọ́ òjò. Kí ẹ jọ fi ẹnu kò pé ẹni tí òjò bá ká mọ́ ibi kan kí ó sùn síbẹ̀, kí ó ránṣẹ́ sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í ní ìbínú lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ máa fi aṣọ ọmọ kan tàbí méjì sínú ọkọ̀ nígbà òjò. Èmi àti ọkọ mi jọ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ẹ ó sì rí i pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, òun ni ó kọ́kọ́ wí pé, "Ìyàwó, oúnjẹ wo ni ó tó ọmọ?" Ẹni tí mo ń bẹ̀rù kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn.

Àwọn ọmọ náà ti dàgbà. Ọmọbìnrin kò rántí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí n kò sì sí nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pè mí. Kì í béèrè ìgbà tí mo ń bọ̀. Ohun tí ó máa ń sọ ni ohun tí ìyá mi wí lórí ibùsùn lọ́jọ́ náà, tí n kò gbà: "Mọ́mì, ẹ dúró síbẹ̀. Ilé kò ní sá lọ."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ dúró. A kò ní fi omi sunkún ọmọ, láṣẹ Ọlọ́run. Ó dìgbà kan ná.